Ráútà Tó Di Bíríkì, àti Ìṣẹ́jú-àáyá Díẹ̀ Tó Lè Jí I

  Ìtàn tòní, ìtàn àpótí kékeré tó ń pín Wi-Fi fún yín nílé ni, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kú mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà tó ń gba apdéètì.

Láàárín ọjọ́ 25 sí ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ráútà tó lé ní 600,000 kú ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló pín gbogbo wọn fún oníbàárà. Àwọn èèyàn jí, wọ́n bá iná pupa lára ráútà. Wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn, iná pupa náà ò kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibi tí ilé-iṣẹ́ náà ń sìn jẹ́ ìgbèríko, níbi tí èèyàn ò ti lè sá lọ bá ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Black Lotus Labs, ẹ̀ka ìwádìí ààbò ilé-iṣẹ́ Lumen, gbé ìròyìn jáde: ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó fi sọ́fítíwíà aṣebi kan tí wọ́n ń pè ní Chalubo wọ inú àwọn ráútà náà, ó sì fi apdéètì burúkú ba firmware wọn jẹ́. Àtúnṣe kan ṣoṣo tó wà ni kí wọ́n kó gbogbo wọn dànù, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú ìgbà yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pẹ̀lú kéèbù kan ṣoṣo máa ń jí irú ráútà bẹ́ẹ̀ dìde láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ló wá yí padà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ráútà ṣe ń kú. Ráútà yín, kọ̀ǹpútà ni. Ó ní ṣíìpù tó ń ronú, ó ní ibi tó ń fi nǹkan pamọ́ sí. Firmware ni sọ́fítíwíà tó ń gbé inú ibi ìpamọ́ yẹn, òun ló ń sọ fún irin náà pé ráútà lòun. Nísinsìnyí, ibi ìpamọ́ tí wọ́n ń lò fún un, tí wọ́n ń pè ní flash, kò dà bí ìwé tí èèyàn lè fi bírò kọ nǹkan lé orí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àfi kó kọ́kọ́ pa ti àtijọ́ rẹ́, kó tó kọ tuntun síbẹ̀. Nítorí náà, nínú gbogbo apdéètì, àsìkò kan wà tí ti àtijọ́ ti lọ, tí tuntun ò sì tíì pé. Ẹni tó ń pàrọ̀ páànù ilé ló dà bí: ó ti ká ti tẹ́lẹ̀ kúrò, kò tíì kan tuntun, òjò wá ṣú. Bí iná bá lọ ní àsìkò yẹn (mi ò ní láti ṣàlàyé iná tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni níbí), tàbí tó bá jẹ́ pé fáìlì ráútà mìíràn lẹ gbé sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní orúkọ fún un. Wọ́n ní ó di bíríkì: ó wúwo díẹ̀, ó dúró sójú kan, kò sì mọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n bíríkì tó kú pátápátá ṣọ̀wọ́n, ìtàn ráútà kan báyìí ló sì jẹ́ kí ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ Linksys gbé ráútà kan jáde tó ń jẹ́ WRT54G. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i rí ní ọ́fíìsì tàbí ní káfè: àwọ̀ búlúù níwájú, dúdú lẹ́yìn, eriali méjì tó dúró bí ìwo. Janie Tsao àti ọkọ rẹ̀ Victor, tí wọ́n ti Taiwan wá tẹ̀dó sí California, ló dá Linksys sílẹ̀ nínú gáráàjì ilé wọn ní ọdún 1988. Ní oṣù Kẹta ọdún 2003, Cisco kéde pé òun máa rà á ní nǹkan bí 500 mílíọ̀nù dọ́là.

Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2003, Andrew Miklas kọ ọ́ síta gbangba fún àwọn tó ń ṣe Linux pé òun ti yẹ firmware WRT54G wò, Linux ló sì wà nínú rẹ̀. Linux ò burú, àmọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ tí èèyàn kàn ń gbé sá lọ. Ìwé àṣẹ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní GPL, ní àdéhùn kan: bí o bá fi kóòdù mi ṣe ọjà tí o sì tà á, àwọn tó rà á lọ́wọ́ rẹ gbọ́dọ̀ lè rí kóòdù náà gbà, kí wọ́n sì lè tún un ṣe. Linksys ò fún ẹnikẹ́ni ní kóòdù kankan.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé: Broadcom ló ṣe ṣíìpù, ilé-iṣẹ́ CyberTAN ní Taiwan ló kọ sọ́fítíwíà, Linksys lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn, Cisco wá ra Linksys. Cisco san owó tán kó tó mọ̀ pé gbèsè wà nínú ilé tóun rà. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ ní Èkó rí á káàánú wọn díẹ̀. Free Software Foundation dá sí ọ̀rọ̀ náà, àwọn èèyàn pariwo, nígbà tó sì di ìdajì kejì ọdún náà, kóòdù ti jáde.

Láti inú kóòdù yẹn ni iṣẹ́ OpenWrt ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2004. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: WRT inú rẹ̀, ti WRT54G ni. DD-WRT tẹ̀lé e ní ọdún 2005. Lójijì, ráútà tí wọ́n ń tà ní nǹkan bí 60 dọ́là ń ṣe iṣẹ́ tó jẹ́ pé ẹ̀rọ olówó ńlá nìkan ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Èèyàn lè pín íntánẹ́ẹ̀tì ilé kí ẹnì kan má bàa fi fíìmù gbé gbogbo rẹ̀ mì, ó lè so ráútà mẹ́wàá pọ̀ fún gbogbo àdúgbò.

Àmọ́ níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá ti ń pàrọ̀ firmware fúnra wọn lálaalẹ́, òkú máa sùn lọ bẹẹrẹ. Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti dùn.

Nínú WRT54G, kì í ṣe firmware ló kọ́kọ́ ń jí bí ẹ bá tan iná. Sọ́fítíwíà kékeré kan wà níbẹ̀rẹ̀ flash náà, tó ń jẹ́ bootloader. Ti èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń jẹ́ CFE, láti ọ̀dọ̀ Broadcom. Gbogbo flash náà ò ju mẹ́gábáìtì 4 lọ, CFE sì gba kìlóbáìtì 256 nínú rẹ̀. Apdéètì kì í fọwọ́ kan apá yẹn. Iṣẹ́ CFE ni kó jí irin, kó ka firmware, kó fi ìṣirò kan wò ó bóyá ó pé, kó sì gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Bí ìṣirò náà ò bá bá ara mu, kò ní gbé ìdọ̀tí sókè. Á dúró, iná páwà á máa ṣẹ́jú, á sì máa retí kí ẹnì kan fún òun ní fáìlì tuntun gba inú kéèbù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. CFE ni àgbà tó wà lọ́jà yẹn.

Èdè tí àgbà yìí ń sọ, ó ti pẹ́ gan-an. TFTP ni wọ́n ń pè é, Karen Sollins ní MIT ló kọ ìwé ìlànà rẹ̀ tó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 1981. Noel Chiappa ló kọ́kọ́ ṣètò rẹ̀. Kò ní páswọ́ọ̀dù, kò lè fi àkójọ fáìlì han yín, nǹkan méjì péré ló mọ̀: kó fúnni ní fáìlì tàbí kó gba fáìlì. Ó ń gé fáìlì sí ègé báìtì 512, ó ń fi ọ̀kan ránṣẹ́, á dúró kí wọ́n sọ pé “mo ti gbà á” kó tó fi èyí tó kàn ránṣẹ́. Fáìlì mẹ́gábáìtì 3 á di ègé tó lé ní 6,000, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń na bíríkì sókè sí bíríkìlà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kékeré bẹ́ẹ̀ kó lè wọ inú àyè tóóró. Àyè tóóró sì ni inú bootloader.

Bí wọ́n ṣe ń jí òkú rèé. Wọ́n á ki kéèbù bọ ihò LAN ráútà, wọn ò ní lo Wi-Fi, torí Wi-Fi ti kú pẹ̀lú firmware. CFE ò mọ bí wọ́n ṣe ń pín àdírẹ́sì, torí náà wọ́n á fọwọ́ ara wọn fún kọ̀ǹpútà ní àdírẹ́sì, ká ní 192.168.1.2, ráútà fúnra rẹ̀ wà ní 192.168.1.1. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ping pè é, wọ́n á yọ iná ráútà, wọ́n á tún un kì bọ̀ ọ́. Bí ìdáhùn bá dé, wọ́n á wo nọ́ńbà kan tó ń jẹ́ TTL. Bó bá jẹ́ 64, Linux ló ń dáhùn, ráútà ò kú rárá, ẹ lè lọ sinmi. Bó bá jẹ́ 100, àgbà ló ń sọ̀rọ̀: CFE ti jí. Kíá, wọ́n á ju fáìlì sí i.

Kíá tí mo wí yẹn, mi ò fi ṣeré. Bí ìṣirò firmware bá ti bàjẹ́, CFE á dúró de yín. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ìṣirò náà péye, firmware ọ̀hún ló burú: ó ń tàn, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọlé. Fún irú èyí, ìrètí kan ṣoṣo ni ètò kan tó ń jẹ́ boot_wait. Bó bá wà ní títàn, CFE á dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, mẹ́ta sí márùn-ún, ní gbogbo ìgbà tí iná bá wọlé, kó tó gbé firmware sókè. Ẹni tó bá pẹ́ jù, ó di kó tún iná yọ. Windows sì máa ń ba eré náà jẹ́: bí iná ráútà bá lọ, Windows á rò pé kéèbù ti já, kó tó mọ̀ pé ó ti padà, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ti kọjá. Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i ni pé kí wọ́n fi switch kékeré kan sáàárín méjèèjì, kí kọ̀ǹpútà lè máa rò pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Boot_wait kì í fi bẹ́ẹ̀ wà ní títàn nígbà tí ráútà bá ti páálí jáde, kò sì sí bọ́tìnnì rẹ̀ lójú ewé ètò Linksys. Báwo ni wọ́n ṣe wá ń tàn án? Wọ́n gba ojú ihò ààbò wọlé. Ojú ewé kan wà tí èèyàn ti lè fi ping dán íntánẹ́ẹ̀tì wò. Linksys gbàgbé láti yẹ ohun tí èèyàn bá kọ sínú àpótí àdírẹ́sì wò. Bí ẹ bá kọ àṣẹ Linux síbẹ̀ dípò àdírẹ́sì, ráútà á ṣe é láìjanpata. Àbùkù tí olè lè gbà wọlé ni àwọn onílé lò láti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé ara wọn sílẹ̀ ní ṣíṣí, bí ọjọ́ burúkú bá dé. Linksys dí ihò náà nínú firmware tó tẹ̀lé e. Wọ́n gbọ́dọ̀ dí i. Síbẹ̀, èmi ò rí ìdí tí wọn ò fi ní fi bọ́tìnnì gidi kan rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dí i.

Àwọn tí boot_wait wọn ò tàn ńkọ́? Wọ́n tú ráútà. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ so ẹsẹ̀ méjì ṣíìpù flash pọ̀ bí iná ṣe ń wọlé, kí CFE lè ka firmware ní àkàkù, kí ìṣirò má bàa bára mu, kó sì dúró de TFTP. Ẹ̀tàn tí wọ́n fi ń gbani là nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ló fi abẹ́rẹ́ yẹn ba ṣíìpù jẹ́ pátápátá. Bí CFE fúnra rẹ̀ bá wá bàjẹ́, ó ku JTAG, ojú ọ̀nà tí wọ́n ṣe sí orí pátákó fún àyẹ̀wò ní fákítírì. Wọ́n fi wáyà àti resistor mẹ́rin ṣe kéèbù láti ihò ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà lọ síbẹ̀, wọ́n sì ń kọ CFE tuntun wọlé díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ráútà 60 dọ́là ni o!

Ní ọdún 2005, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í tì. WRT54G ẹ̀dà karùn-ún jáde. Lójú, kò sí ìyàtọ̀ kankan: búlúù kan náà, ìwo kan náà. Nínú, wọ́n ti gé flash láti mẹ́gábáìtì 4 sí 2, wọ́n gé mẹ́mórì láti 16 sí 8, wọ́n sì fi VxWorks rọ́pò Linux. VxWorks ò bá GPL da nǹkan pọ̀, ó sì lè gbé inú àyè kékeré, owó sì wà nínú gígé. Ẹni tó rà á láti fi OpenWrt sí i bá ara rẹ̀ lójú títì. Nígbà tí ariwo pọ̀, Linksys gbé ẹ̀dà àtijọ́ padà pẹ̀lú orúkọ tuntun, WRT54GL. L yẹn, Linux ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn ṣì ń rà á, nígbà tí ráútà tó yá jù ú lọ ti kún ọjà.

Ìjọba náà dá sí i nígbà tó yá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, FCC, àjọ tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn tó ń ṣe ráútà ṣàlàyé bí wọ́n á ṣe dènà kí ẹlòmíràn má lè fi firmware tirẹ̀ sí i. Wọ́n dárúkọ DD-WRT gan-an. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé kí ráútà má lọ máa pariwo lórí ìgbì tí rédá ń lò. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó rọ ilé-iṣẹ́ lọ́rùn jù ni kó ti gbogbo ilẹ̀kùn pa, ti rédíò àti ti ìgbàlà pọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, TP-Link bá FCC parí ẹjọ́ kan tó dá lórí agbára rédíò, ó san 200,000 dọ́là, ó sì gbà nínú àdéhùn náà láti wá ọ̀nà tí firmware àwọn ẹlòmíràn á fi lè ṣiṣẹ́ lórí àwọn ráútà rẹ̀ kan.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ti yanjú ìṣòro yìí lọ́nà mìíràn. Láti Android 7.0 ní ọdún 2016, fóònù lè ní yàrá méjì fún sọ́fítíwíà. Ẹ ń lo yàrá kìíní, ẹ ń wo fídíò yín lọ, ó ń kọ apdéètì sí yàrá kejì. Bí tuntun ò bá jí, á padà sí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ráútà kan náà ti ń ṣe é: WRT1900AC, tí Linksys gbé jáde ní ọdún 2014, ní yàrá méjì, bí ẹ bá pa iná rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú ibi tó ti ń jí, á kọjá sí yàrá kejì. Flash púpọ̀ ló ń gbà, ìdí nìyẹn tí ráútà olówó pọ́ọ́kú kì í fi ní in.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àwọn OpenWrt fúnra wọn, pẹ̀lú Software Freedom Conservancy, gbé ráútà jáde. OpenWrt One ni wọ́n pè é, 89 dọ́là. Flash méjì ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó tóbi ni ẹ lè bà jẹ́ bó ṣe wù yín. Èyí tó kéré, mẹ́gábáìtì 16, wọ́n ti tì í kí apdéètì má lè kọ nǹkan sí i, sọ́fítíwíà ìgbàlà nìkan ló wà níbẹ̀. Swíìṣì kékeré kan wà lára rẹ̀ níta. Ẹ tì í sí apá kejì, ẹ tan iná, àgbà á jí. Ogún ọdún lẹ́yìn ihò ping Linksys, bọ́tìnnì náà dé.

Bó bá jẹ́ pé ti yín ló wà nílẹ̀ tí kò jí, ẹ má tíì jù ú nù. Ẹ yí i padà, ẹ wo ìdí rẹ̀, ẹ ka orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀, torí ẹ̀dà kejì àti ẹ̀dà karùn-ún lè jẹ́ ẹ̀rọ méjì pátápátá. Ẹ lo kéèbù, ẹ má lo Wi-Fi. Ọ̀pọ̀ ló ń fẹ́ kí ẹ di bọ́tìnnì reset mú bí ẹ ti ń tan iná. Lẹ́yìn ìyẹn, ti Asus á máa ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń retí yín. Ọ̀pọ̀ D-Link á ṣí ojú ewé kékeré kan fún yín láti gbé fáìlì sí. Àwọn TP-Link kan, bíi Archer C7, kì í dúró de yín rárá. Àwọn fúnra wọn ló ń wá kọ̀ǹpútà tó wà ní 192.168.0.66, tí wọ́n á sì fi TFTP ọdún 1981 yẹn béèrè fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣáà gbé e síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ gan-an tó ń béèrè. Bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ so ó mọ́ íńfátà tàbí bátìrì tó lágbára kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.